Ta Ni Òfin Dè, Ọdẹ Ni Tàbí Ajá?

Àlọ́ kan wà tí ó ṣòro kí a tó rí ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ ọ rí, èyíinì ni àlọ́ ọdẹ tí ó ní ajá mẹ́ta. Nígbà tí a bá pa á tán, tí a sì béèrè ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ wa, ohùn kan náà ni gbogbo ènìyàn fi ń dáhùn pé, “Ó kọ́ wa pé kí ọkùnrin má ṣe sọ àṣírí rẹ̀ fún obìnrin.” Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ èmi náà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò, wọ́n sì fún mi ní máàkì. Lónìí, mo fẹ́ dá máàkì náà padà.

Ohun tí ó fà á ni pé ní ọjọ́ kan, mo wà ní Ifo, ìlú tí ọkọ̀ ojú irin ti ń gba ibẹ̀ kọjá láti Èkó sí Abẹ́òkúta láti ayé àwọn òyìnbó. Màmá àgbà kan ń pa àlọ́ yìí fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, èmi náà sì fìdí kalẹ̀ sí ẹ̀yìn wọn bí ọmọdé. Báyìí ni màmá ṣe pa á.

Ọdẹ kan wà tí ó ní ajá mẹ́ta. Orúkọ èkínní ni Òkémọkéréwú, ti èkejì ni Ọ̀sọpàkàgbọ́mọmì, ti ẹ̀kẹta ni Ọ̀gbálẹ̀gbáràwé. Ọdẹ yìí pa ẹran igbó títí ó fi kù díẹ̀ kí igbó ṣófo. Àwọn ẹranko tí ó ṣẹ́kù wá gbìmọ̀ pọ̀. Ọ̀kan nínú wọn para dà di arẹwà obìnrin, ó wá sí ọjà, ó sì di aya ọdẹ. Ní òru, ó bẹ̀rẹ̀ sí bi ọkọ rẹ̀ léèrè pé bí àwọn ẹranko bá ká a mọ́ inú igbó, kí ni yóò dà? Ọkọ ń kà á fún un pé òun lè di igi, òun lè di òkúta, òun lè di omi. Bí ó ti fẹ́ dárúkọ ohun ìkẹyìn, ìyá rẹ̀ ké sí i láti yàrá kejì pé ọ̀rọ̀ náà tó gẹ́ẹ́. Ó pa ẹnu mọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyàwó ní kí ọkọ sin òun dé ọ̀dọ̀ àwọn òbí òun, ṣùgbọ́n kí ó fi ìbọn sílẹ̀, kí ó sì so àwọn ajá mọ́lẹ̀, nítorí pé ẹ̀rù ajá ń ba àwọn àna rẹ̀. Ọdẹ gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé àárín igbó, aya di ẹranko, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì yọ lọ́tùn-ún lósì. Ọdẹ di igi, wọ́n mọ̀ ọ́n. Ó di òkúta, wọ́n mọ̀ ọ́n. Ó di omi, wọ́n mọ̀ ọ́n. Ó wá di ohun ìkẹyìn tí kò dárúkọ, kòkòrò kékeré kan tí ó bà sí orí igi gíga. Wọn kò rí i mú, ṣùgbọ́n wọn kò kúrò ní ìdí igi náà. Ibẹ̀ ni ó ti gbóhùn sókè, tí ó ń pe àwọn ajá rẹ̀ ní orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nílé, àwọn ajá ń ja okùn gidigidi. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ariwo, ó jáde, ó tú wọn. Wọ́n sáré dé ìdí igi. Èkínní pa, èkejì gbé mì, ẹ̀kẹta sì gbá ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́ tónítóní.

Nígbà tí àwọn ọmọ ti túká, mo bi màmá léèrè pé, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, bí ìyá ọdẹ kò bá tú àwọn ajá yẹn ńkọ́?”

Ó ní, “Àlọ́ ìbá ti parí síbẹ̀ nìyẹn, ọmọ mi.”

Mo ní, “Ta ni ẹ̀bi náà ìbá wá wà lórí rẹ̀?”

Ó wò mí lójú bí ẹni pé mo béèrè ohun tí ọmọdé mọ̀. Ó ní, “Ẹni tí ó so wọ́n mọ́lẹ̀ ni.”

Gbólóhùn yìí ni ó lé mi dé ìdí tábìlì ìkọ̀wé. Màmá kò sọ pé ẹni tí ó tú àṣírí ni. Ó sọ pé ẹni tí ó so ajá ni. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò bóyá òun ni ó gbọ́ àlọ́ náà yé ju àwa tí a kàwé lọ.

Kí a má baà rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, àwọn tí wọ́n ń sọ pé ọ̀rọ̀ àṣírí ni àlọ́ náà dá lé ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Lóòótọ́ ni ọdẹ tú àṣírí mẹ́ta, ẹ̀tẹ̀ẹ̀ta ni kò sì wúlò fún un mọ́. Lóòótọ́ sì ni ẹyọ kan tí ó fi pamọ́ gbé e dé orí igi. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ̀rí wọn parí sí nìyẹn. Orí igi kì í ṣe ilé. Bí ọdẹ bá jókòó sí orí igi náà di ọjọ́ keje, àwọn ẹranko yóò ṣì wà ní ìdí rẹ̀. Àṣírí tí ó pa mọ́ fún un ní àkókò díẹ̀ láti fi kígbe, àwọn ajá ni ó sì gba ẹ̀mí rẹ̀ là.

Ẹ tún wò ó síwájú sí i. Ta ni ó pa ọdẹ lẹ́nu mọ́ ní òru? Ìyá rẹ̀ ni, obìnrin sì ni. Ta ni ó tú okùn? Ìyá rẹ̀ kan náà ni. Mo mọ̀ pé ẹnu àwọn apàlọ́ kò kò. Àwọn kan ń sọ pé bàbá ọdẹ ni ó ké sí i ní òru, àwọn mìíràn sì ń sọ pé àwọn ajá fúnra wọn ni ó já okùn. Ṣùgbọ́n bí a bá pa á bí màmá ti pa á ní Ifo, ọ̀nà méjì ni obìnrin gbà yọ ọdẹ yìí nínú ikú. Báwo ni a ṣe wá lè fi àlọ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ ọmọ pé kí ó má ṣe fọkàn tán obìnrin? Ẹ̀kọ́ tí a gbé lé àlọ́ náà lórí, àlọ́ fúnra rẹ̀ ni ó ń gbé e jù sílẹ̀.

Kí ni ó wá wà nínú rẹ̀? Mo wí pé òfin ni. Àwọn ènìyàn máa ń rò pé ayé inú àlọ́ jẹ́ ayé tí ohunkóhun lè ṣẹlẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù ọdẹ kì bá tí bà wá, nítorí pé apàlọ́ kàn lè sọ pé ọdẹ fò lọ sílé. Ohun tí ó mú kí àyà wa já ni pé a mọ̀ pé ayé náà ní òfin, apàlọ́ kò sì lè rú u. Mo ka òfin mẹ́ta tí ó wà láàrin ọdẹ yìí àti àwọn ajá rẹ̀.

Èkínní ni òfin orúkọ. Ọdẹ kò súfèé lásán. Ó pe orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní pípé, orúkọ kọ̀ọ̀kan sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ Ọ̀gbálẹ̀gbáràwé ti mọ̀ pé iṣẹ́ ẹni tí ń gbá ilẹ̀ ni. A lè sọ pé orúkọ náà ni ìwé àdéhùn láàrin wọn. Ẹ kíyè sí i pé ìyàwó gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú àwọn ajá wọ̀nyí, ó mọ ohun tí ọkọ lè dà, síbẹ̀ nínú àlọ́ tí mo gbọ́, kò sí ibi tí ó ti pe ọ̀kan nínú wọn lórúkọ. Gbogbo ohun tí ó lè ṣe ni kí ó ní kí a so wọ́n.

Èkejì ni òfin ìdáhùn. Ajá tí a bá pè lórúkọ gbọ́dọ̀ jẹ́, bó ti wù kí igbó jìn tó. Àwọn ajá pa òfin yìí mọ́. Wọ́n gbọ́, wọ́n ń ja okùn kí ẹnikẹ́ni tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ẹ̀kẹta ni òfin okùn. Ẹni tí ó bá so ajá rẹ̀ mọ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ rìn kọjá ibi tí okùn náà dé. Kò sí ibi tí wọ́n ti sọ òfin yìí jáde nínú àlọ́, ṣùgbọ́n òun ni ó gbé gbogbo rẹ̀ ró, ọdẹ nìkan ni ó sì rú u. Àwọn Yorùbá máa ń pa á lówe pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Nínú àlọ́ yìí, ajá gbọ́ fèrè, ọdẹ ni ó ń sọnù lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá mo kàn ń fi agídí ka òfin sínú àlọ́ kan ṣoṣo, ẹ jẹ́ kí a mú òmíràn. Ọ̀pọ̀ wa ni a mọ àlọ́ ọdẹ tí ó rí àgbọ̀nrín tí ó bọ́ awọ rẹ̀, tí ó di obìnrin, tí ó sì gba ọjà lọ. Ọdẹ gbé awọ náà pamọ́, obìnrin sì gbà láti fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ó ṣe òfin kan fún un pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbọ́ pé ẹranko ni òun. Àwọn tí wọ́n ń pa á mọ́ Ọya sọ pé ẹfọ̀n ni, kì í ṣe àgbọ̀nrín, ìdí sì nìyẹn tí ìwo ẹfọ̀n fi máa ń wà ní ojúbọ Ọya. Ní àlọ́ yìí náà, obìnrin ẹranko pa àdéhùn mọ́. Ó se oúnjẹ, ó bímọ, kò sì kan ẹnikẹ́ni nínú ilé. Ọdẹ ni ó mu ọtí yó tí ó sọ ọ́ fún ìyáálé. Ìyáálé fi bú u, obìnrin náà wá awọ rẹ̀ jáde, ó sì padà sí igbó. Ẹyin ni ohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni ó ń fọ́. Nínú àlọ́ méjèèjì, ẹranko ni ó mú àdéhùn ṣẹ, ènìyàn ni ó yẹ̀ ẹ́. Èyí kì í ṣe èèṣì. Bí àwọn baba wa ṣe gbé òfin kalẹ̀ láàrin ènìyàn àti ẹ̀dá tí ń bá a gbé nìyẹn. Ẹni tí ó ní ẹnu àti ọwọ́ ni òfin dè jù.

Àwọn òǹkọ̀wé wa náà mọ̀ ọ́n. Nígbà tí D. O. Fágúnwà gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938, orí irú òfin yìí ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá Àkàrà-oògùn jẹ́ ọdẹ, ìyá rẹ̀ jẹ́ àjẹ́. Bàbá yìnbọn lu ẹranko kan, ó tọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ délé, ó sì bá aya rẹ̀ ní ìdajì ènìyàn, ìdajì ẹranko. Nínú ilé yìí, kò sí àdéhùn kankan láàrin ọkọ àti ẹ̀dá tí ó ń bá a gbé. Aya kò sọ ohun tí òun jẹ́, ọkọ kò sì bi í. Nítorí náà, ìbọn ni ó sọ̀rọ̀ láàrin wọn. Fágúnwà fi hàn wá bí ilé ti máa ń rí níbi tí òfin kò bá sí.

Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta tí a bí ní 1920, gba ọ̀nà mìíràn yọ. Nínú ìwé rẹ̀ tí ó kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, My Life in the Bush of Ghosts, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní London ní 1954, ọmọdé kan sá fún àwọn akónilẹ́rú, ó sì bọ́ sínú igbó àwọn iwin. Iwin kan tí ń rùn mú un, ó ń sọ ọ́ di oríṣiríṣi ẹranko, ó sì sọ ọ́ di ẹṣin tí ó ń gùn kiri. Ṣé ẹ rí i? Tutùọlá yí òfin náà po. Ó gbé gàárì lé ènìyàn lẹ́yìn kí ènìyàn lè mọ bí ó ti ń wúwo. Lójú tèmi, apá ibẹ̀ nínú ìwé náà lágbára ju ìwàásù mẹ́wàá lọ lórí bí ó ti yẹ kí a máa lo ẹran ọ̀sìn, kò sì sí gbólóhùn kan tí a fi wàásù níbẹ̀.

Mo gbọ́ tí ẹnìkan ń wí ní ọkàn rẹ̀ pé mo ń sọ àwọn baba wa di onífẹ̀ẹ́ ajá bí òyìnbó, bẹ́ẹ̀ ajá ni Ògún ń jẹ. Òótọ́ ni. Ọdẹ tí ó ń fi ajá dẹ̀gbẹ́ náà ni ó ń fi ajá bọ Ògún. N kò sọ pé ìfẹ́ ni àlọ́ náà dá lé. Òfin ni mo wí. Ìfẹ́ lè tutù lálẹ́, òfin kì í sùn. Ajá tí a fi bọ Ògún ní ìdí tí a fi pa á, ó ní ọjọ́, ó ní ojúbọ, àwọn ẹlẹ́rìí sì wà níbẹ̀. Ohun tí àlọ́ kò fara mọ́ ni kí a so ajá mọ́lẹ̀ nítorí pé ó rọrùn fún wa bẹ́ẹ̀, kí a sì tún máa retí pé yóò gbà wá.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n fi ibi tí mo rí àbùkù àlọ́ náà hàn yín, nítorí pé alárìíwísí tí ó bá ń yìn nìkan kò ṣiṣẹ́. Àlọ́ yìí jẹ gbèsè kan tí kò san. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀, ó sọ fún wa pé ọdẹ pa ẹran títí igbó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ẹ̀sùn ni èyí, ẹ̀sùn ńlá sì ni. Obìnrin tí ó wá sí ọjà kì í ṣe ọ̀dàlẹ̀ lásán. Aṣojú ìlú kan tí ogun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa run tán ni. Òfin wà láàrin ọdẹ àti ajá, ṣùgbọ́n òfin wo ni ó wà láàrin ọdẹ àti ẹran igbó? Àlọ́ gbé ìbéèrè náà dìde, kò sì dá a lóhùn. Ó rán Ọ̀gbálẹ̀gbáràwé kí ó wá gbá ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀sùn papọ̀ kúrò nílẹ̀. Ó dùn mọ́ ọmọdé pé ilẹ̀ mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n àgbà tí ó bá ronú yóò béèrè ohun tí ọdẹ náà yóò pa ní ọ̀la, nínú igbó tí kò sí ohunkóhun mọ́.

Àwa tí a ń gbé ní agbègbè yìí ni ó yẹ kí ìbéèrè náà dùn jù. Láti 1978 tí wọ́n ti ṣí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, Mowe àti Ibafo kì í ṣe abúlé inú igbó mọ́. Ilé ti bo ilẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọ̀nà. Ẹ kò ní tètè rí ọdẹ tí ó ń lọ sí ìgbẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ní ẹnu géètì ẹ ó rí ọlọ́dẹ tí ó mú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, tí ó ń ṣọ́ ilé onílé. Igbó ti lọ, orúkọ ọdẹ ṣẹ́kù. Ajá náà ṣẹ́kù, ní ẹ̀yìn ọgbà, lórí ṣéènì, láàárọ̀ àti lálẹ́. Mo ti sùn ní Mowe rí níbi tí ajá kan ti ń gbó láti òru mọ́jú, tí ẹnikẹ́ni kò sì dìde láti wo ohun tí ó rí. Mo béèrè orúkọ rẹ̀ ní òwúrọ̀. Wọ́n ní kò ní orúkọ, ajá géètì ni. Ọkàn mi lọ sí ọ̀dọ̀ màmá ní Ifo. Òfin orúkọ ti bàjẹ́, òfin okùn ti bàjẹ́. Ajá yẹn nìkan ni ó ṣì ń pa òfin tirẹ̀ mọ́, ó ń dáhùn nígbà tí ẹnikẹ́ni kò pè é.

Ẹnìkan lè sọ pé ìjọba ní òfin tirẹ̀. Ó ní in. Nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí ìjọba òyìnbó ṣe ní 1916, tí ó sì di ti Nàìjíríà, abala 495 kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ láti fi ìyà jẹ ẹranko. Bí ó ti wà nínú ìwé òfin àpapọ̀, ìjìyà rẹ̀ ni ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn náírà 50, tàbí méjèèjì pọ̀. Náírà 50! Lónìí, kò ra búrẹ́dì kékeré kan. Ẹ fi èyí wé òfin inú àlọ́, níbi tí ẹni tí ó so ajá rẹ̀ lọ́nà àìtọ́ fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dúró. Èwo nínú méjèèjì ni ọmọ ọdún mẹ́jọ yóò rántí? Èwo ni yóò mú un dìde lóru láti lọ wo ohun tí ajá ń gbó sí? Nítorí náà ni mo ṣe sọ pé nígbà tí a bá fi ẹ̀kọ́ irọ́ bo àlọ́ yìí mọ́lẹ̀ ní kíláàsì, òfin kan tí ó ṣì lè dè wá ni a ń pa, a kò sì ní òmíràn tí ó tó o láti fi rọ́pò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ku fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé inú ẹgbẹ́ wa. Mo ń ka àwọn ìtàn tuntun tí ẹ ń kọ, tí ènìyàn ń gun ẹyẹ ńlá tàbí ejò abìyẹ́ nínú wọn, tí ẹranko ń bá ọba rìn. Ó dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ wọn, ẹranko kàn ń ṣe bí a ti ní kí ó ṣe, bí ọkọ̀ tí a fi kọ́kọ́rọ́ ṣí. Kò ní orúkọ tí ó nítumọ̀, ẹni tí ó gùn ún kò sì jẹ ẹ́ ní gbèsè kankan. Kí ẹ tó kọ ojú ìwé kìíní, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè ohun tí ènìyàn náà kò gbọdọ̀ ṣe sí ẹ̀dá yìí, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ó bá ṣe é. Bí ẹ bá ti rí ìdáhùn, ìtàn yín ti ní egungun. Bí ẹ bá sì fẹ́ gba iṣẹ́ tí ó tóbi jù lọ, ẹ padà sí ìdí igi tí Ọ̀gbálẹ̀gbáràwé gbá mọ́, kí ẹ sì gbọ́ ẹ̀sùn àwọn ẹranko tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́.

Ní tèmi, ìgbà mìíràn tí wọ́n bá bi mí ní ìdánwò pé kí ni àlọ́ ọdẹ àti ajá mẹ́ta kọ́ wa, ohun tí màmá wí ní Ifo ni n ó kọ, ì báà jẹ́ pé òdo ni wọn yóò fún mi.